Nígbà Tí Mónítọ̀ Bá Ṣókùnkùn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Ojú Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì

Ìbéèrè tó ń wá lemọ́lemọ́ la kó jọ síbí. Sípíyù là ń pe àpótí kọ̀ǹpútà lápapọ̀. Mónítọ̀ ni ojú tí ẹ ń wò. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá kan sẹ́tíńgì, Windows la ní lọ́kàn.

Mo tan kọ̀ǹpútà, fáànù sípíyù ń yí, ṣùgbọ́n mónítọ̀ dúdú kirikiri. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ wo iná kékeré tó wà létí mónítọ̀. Bí kò bá tàn rárá, a jẹ́ pé iná mànàmáná ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ lẹ́yìn, ẹ tì í padà títí yóò fi wọlé ṣinṣin, kí ẹ sì gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn tí nǹkan ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí wáyà mónítọ̀ bá rí bákan náà pẹ̀lú ti sípíyù, ẹ fi ọ̀kan dán èkejì wò kí ẹ tó náwó.

Bí iná náà bá tàn ní àwọ̀ ọsàn tàbí tó ń ṣẹ́jú, ara mónítọ̀ le. Ohun tí yóò fi hàn ni sípíyù ò fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ yẹ kébù àwòrán wò ní orí méjèèjì. Kébù VGA, èyí tí orí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù, ní síkúrú méjì létí. Iṣẹ́ wọn ni láti dì í mú, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dè wọ́n, tábìlì á kàn mì díẹ̀, kébù á sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bí iná bá dúró ní búlúù, funfun tàbí àwọ̀ ewé, tí ojú sì ṣókùnkùn síbẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì menu tó wà lára mónítọ̀ fúnra rẹ̀. Bí menu bá jáde ràìràì, ẹ gbé brightness sókè. Ọmọdé tó ń fi bọ́tìnì ṣeré lè ti fà á wálẹ̀ dé òdo.

«No Signal» ló ń kọ sójú. Ṣé mónítọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn?

Rárá o. Mónítọ̀ tó lè kọ ọ̀rọ̀ sójú ara rẹ̀ kò tíì kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ihò tó yàtọ̀ sí èyí tí kébù wà ló ń wò: kébù wà lójú HDMI, òun ń dúró de VGA. Ẹ wá bọ́tìnì tí wọ́n kọ Source tàbí Input sí, kí ẹ yan ibi tí kébù yín wà gan-an.

Bó bá jẹ́ pé àwòrán wà tẹ́lẹ̀ kó tó lọ, kọ̀ǹpútà lè ti sùn. Ẹ tẹ kíbọ́ọ̀dù, ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná sípíyù lẹ́ẹ̀kan fẹ́rẹ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́, kíkú ló máa kú bẹ́ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá mónítọ̀ ló bàjẹ́, kébù ni, àbí sípíyù?

Pààrọ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ so láàpútọ́ọ̀pù mọ́ mónítọ̀ pẹ̀lú kébù HDMI tí ẹ ń lò, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti P pọ̀, kí ẹ yan Duplicate. Bí àwòrán bá jáde, mónítọ̀ àti kébù ti bọ́ nínú ẹ̀sùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kébù kan náà so sípíyù mọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé. Bí tẹlifíṣọ̀n náà ò bá gbé nǹkan kan jáde, sípíyù lẹ máa bá ṣẹjọ́.

Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó ra ohunkóhun. Nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa pé «screen ti kú», kébù àti RAM (pátákó kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́) là ń bá nídìí rẹ̀ jù. Bí ẹ bá sì máa gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ẹ gbé kébù yín dání pẹ̀lú. Kébù tiwọn dára, ẹ̀rọ yín á ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́hùn-ún, ẹ ó délé tán, ojú á tún ṣókùnkùn.

Ihò HDMI méjì ló wà lẹ́yìn sípíyù mi, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Èwo ni kí n lò?

Bí sípíyù bá wà lóòró, ti òkè, tó wà nítòsí ihò USB àti ti íntánẹ́ẹ̀tì, ti motherboard nìyẹn, pátákó ńlá inú sípíyù tí gbogbo nǹkan so mọ́. Ti ìsàlẹ̀, tó wà lórí irin gbọọrọ kan lọ́tọ̀, ti káàdì àwòrán ni. Níbi tí káàdì bá wà, òun ni kí ẹ lò, nítorí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń pa ti motherboard tí wọ́n bá ti rí káàdì.

Àwọn processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) kan wà tí kò ní agbára àwòrán nínú rárá, bíi Intel Core i5-12400F tàbí AMD Ryzen 5 3600. Lórí irú ìwọ̀nyí, ihò ti motherboard kò lè gbé àwòrán jáde láéláé, bí ẹ tilẹ̀ yọ káàdì kúrò.

Láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà tọ́kùnbọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ṣé mo lè kì í bọ iná Nàìjíríà tààrà?

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ ná. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, tiwa jẹ́ 230V. Bí ẹ bá rí «100-240V» lára mónítọ̀ àti lára power supply (àpótí inú sípíyù tó ń pín iná), kò séwu, púlọ́ọ̀gì nìkan lẹ máa wá ṣe. Ọ̀pọ̀ mónítọ̀ pẹlẹbẹ ló rí bẹ́ẹ̀.

Power supply sípíyù àtijọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn kan ní bọ́tìnì pupa kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ń wọ̀, wọ́n kọ 115 sí apá kan, 230 sí apá kejì. Ti Amẹ́ríkà máa ń wà lórí 115. Ẹ fi síkúrúdíráfà tì í sí 230 kí wáyà tó kan ògiri. Ẹni tí kò bá tì í, «gbàù» kan péré ni yóò gbọ́, òórùn jíjó á sì tẹ̀ lé e.

Bí mónítọ̀ bá jẹ́ èyí tó ń lo ádápítọ̀, iye volt tó wà lára ádápítọ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lẹ́yìn mónítọ̀ mu, rere àti òdì ẹnu rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ bára mu. Ti ampere lè pọ̀ ju èyí tí mónítọ̀ béèrè lọ, kò gbọdọ̀ kéré sí i.

Ti Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́?

Iná wọn bá tiwa mu, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà sì ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé fíúsì wà nínú púlọ́ọ̀gì yẹn. Bó bá jó, mónítọ̀ tó dá ṣáká yóò dà bí òkú. Ẹ yọ fíúsì náà, ẹ fi èyí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ jẹ́ bákan náà rọ́pò rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wé wáyà bàbà mọ́ ọn bí àwọn kan ti ń ṣe. Fíúsì ló yẹ kó jó kí ilé má baà jó.

Àwòrán ń ṣẹ́jú nígbà tí mo bá ń lo jẹnẹrétọ̀, ó sì dúró jẹ́ẹ́ tí NEPA bá mú iná dé. Kí ló fà á?

Jẹnẹrétọ̀ ni, kì í ṣe mónítọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í lè dúró sójú kan: bí fíríìjì bá ta kìjí, iná á lọ sílẹ̀, á tún fò sókè. Ẹ yọ ẹrù wúwo kúrò lórí rẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá ṣíṣẹ́jú náà á dáwọ́ dúró. UPS tàbí stabilizer tó dára yóò tún un ṣe. Ẹni tó ń lo ínfátà olówó pọ́ọ́kú náà lè rí irú ṣíṣẹ́jú yìí, tàbí kó máa gbọ́ ìró bíi ti kòkòrò lẹ́yìn mónítọ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ínfátà ló ń fúnni ní iná tó mọ́ bíi ti ìjọba.

Bí iná bá lọ, ẹ yọ mónítọ̀ àti sípíyù kúrò lára ògiri. Ìgbà tí iná bá ń padà bọ̀ ló máa ń pa ẹ̀rọ jù.

Gbogbo ojú ti yí padà sí àwọ̀ kan ṣoṣo. Ṣé wáírọ́ọ̀sì ni?

Kì í ṣe wáírọ́ọ̀sì. Bó bá jẹ́ kébù VGA lẹ ń lò, ọ̀kan nínú abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló tẹ̀ tàbí tí kò kan ojú. Ihò VGA ní àyè abẹ́rẹ́ 15, ìlà mẹ́ta, márùn-ún márùn-ún. Ní ìlà àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ kìíní ló ń gbé pupa, èkejì ń gbé àwọ̀ ewé, ẹ̀kẹta ń gbé búlúù. Èyí tó bá sọnù lojú máa fi hàn: bí pupa ò bá dé, gbogbo nǹkan á máa dà bí omi òkun, bí àwọ̀ ewé ò bá dé, ojú á di àlùkò, bó bá jẹ́ búlúù ni kò dé, ohun gbogbo á di yẹ́lò bíi pupa ẹyin adìẹ.

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ kébù, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ kan bá tẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń tu irun ojú rọra gbé e dúró, pẹ̀lú sùúrù, torí ó lè kán. Bí ẹ bá rí i pé abẹ́rẹ́ kẹsàn-án kò sí níbẹ̀ rárá, ẹ má fòyà, ọ̀pọ̀ kébù ni wọ́n ṣe láìfi í sí i.

Bó bá jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ló bo ojú, pàápàá lálẹ́, Night light ló tàn. Ẹ lọ sí Settings, System, Display, kí ẹ pa á.

Lẹ́tà tóbi gbàgàdà, àwòrán ò sì dán. Kò rí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tún Windows fi sí i.

Driver káàdì àwòrán, ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè bá káàdì ṣiṣẹ́, ni wọn ò fi sí i. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ Start, ẹ ṣí Device Manager, ẹ wo abẹ́ Display adapters. Bó bá jẹ́ «Microsoft Basic Display Adapter» lẹ rí, ẹjọ́ ti parí. Ẹ gba driver tó bá ẹ̀rọ yín mu lọ́dọ̀ Intel, AMD tàbí NVIDIA, tàbí lójú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà. Ẹ má gbà á níbòmíràn. Àwọn ètò tó ń ṣèlérí pé àwọn yóò wá gbogbo driver fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń kó ẹrù mìíràn tí ẹ ò rán wọn dání.

Lẹ́yìn èyí, ẹ padà sí Display, kí ẹ yan resolution (iye àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) tí wọ́n kọ «Recommended» sí. Mónítọ̀ pẹlẹbẹ ní iye kan tí wọ́n bí i mọ́, bíi 1920 × 1080 tàbí 1366 × 768. Bó bá kúrò lórí rẹ̀, lẹ́tà á ṣú. Bí lẹ́tà bá wá kéré jù fún ojú yín, Scale ni kí ẹ gbé sí 125%, ẹ má fọwọ́ kan resolution.

Tẹlifíṣọ̀n ni mo fi ṣe mónítọ̀, ṣùgbọ́n etí àwòrán ń wọlé, mi ò rí bọ́tìnì Start.

Tẹlifíṣọ̀n ló ń fa àwòrán náà gbòòrò kọjá etí ara rẹ̀. Ẹ mú rìmóòtù rẹ̀, ẹ lọ sí Picture, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yí ìwọ̀n àwòrán. Orúkọ tí wọ́n fún un yàtọ̀ síra: Just Scan, Screen Fit, 1:1. Ẹ yan ọ̀kan nínú wọn.

Mo ra kébù tí orí kan rẹ̀ jẹ́ HDMI, tí èkejì jẹ́ VGA, kò sì ṣiṣẹ́.

Kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá ní ẹ̀rọ ayípadà nínú. Èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni HDMI àti VGA ń sọ: nọ́ńbà ni ti HDMI, agbára iná tó ń lọ sókè sódò ni ti VGA. Wáyà lásán ò lè ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn. Converter lẹ máa béèrè, kí ẹ sì sọ ibi tó ń lọ: láti sípíyù HDMI sí mónítọ̀ VGA yàtọ̀ sí láti sípíyù VGA sí mónítọ̀ HDMI, ọ̀kan ò sì lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Àwòrán dorí kodò.

Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti ọfà òkè pọ̀. Bí kò bá gbọ́, Settings, System, Display, Display orientation, Landscape.

Mo yí resolution, mónítọ̀ wá ń kọ «Input Not Supported». Mi ò rí nǹkan kan mọ́.

Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun. Windows máa ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 15; bí ẹ ò bá fọwọ́ sí ìyípadà náà, á dá a padà fúnra rẹ̀.

Bí kò bá dá a padà, tàbí kó jẹ́ pé mónítọ̀ mìíràn lẹ so mọ́ ọn, ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ pa á bí àmì Windows bá ti ń jáde. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí ojú ewé búlúù ti àtúnṣe yóò fi wá. Níbẹ̀, ẹ tẹ̀ lé Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, kí ẹ wá tẹ F3. Windows á wọlé pẹ̀lú àwòrán kékeré tí mónítọ̀ èyíkéyìí lè gbà, ẹ ó sì lè tún un ṣe láti ibẹ̀.

Ojú dúdú, ṣùgbọ́n ọfà máòsì ń rìn lórí rẹ̀.

Àwòrán ń jáde nìyẹn, Windows ló há. Ẹ tẹ Windows, Ctrl, Shift àti B pọ̀: ó máa tún driver àwòrán tàn, ẹ lè gbọ́ ìró kékeré kan. Bí kò bá yí padà, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc, ẹ yan Run new task, kí ẹ kọ explorer.exe síbẹ̀.

Sípíyù ń ké «píì, píì, píì», kò sì gbé àwòrán jáde.

Sípíyù ti yẹ ara rẹ̀ wò, ó sì ti rí àléébù kó tó dé ibi àwòrán. Iye ìgbà tó ké àti bí igbe náà ṣe gùn sí ní ìtumọ̀, àmọ́ ìtumọ̀ náà yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì; ẹ kà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi orúkọ motherboard yín wá a. Ọ̀pọ̀ Dell kì í ké, iná bọ́tìnì wọn ló máa ń ṣẹ́jú.

RAM ló sábà máa ń fà á. Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, kí ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ tán. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí náà kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan inú rẹ̀. Ẹ tẹ ìdè tó wà létí RAM sísàlẹ̀, á dìde fúnra rẹ̀. Etí ni kí ẹ ti mú un. Ẹ wo eyín wúrà tó tò sísàlẹ̀ rẹ̀: bó bá ṣú, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ò dọ́gba, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ fi írésà funfun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò nù ún lójú méjèèjì títí yóò fi dán, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó gbẹ gbá ìpàǹtí írésà kúrò.

Ẹ wo ibi tí wọ́n gé láàárín eyín náà kí ẹ tó tì í padà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà wọlé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní orí méjèèjì títí ìdè á fi ró «kọ́». Bó bá jẹ́ méjì, ẹ fi ẹyọ kan dán an wò, lẹ́yìn náà èkejì, kí ẹ sì tún pààrọ̀ ihò.

Mo ti nu RAM, kò yí padà.

Ẹ yọ bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí kọ́ìnì lórí motherboard, CR2032 ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹ fi í sílẹ̀ níta fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìsí iná lára ẹ̀rọ, ẹ dá a padà. Sẹ́tíńgì BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé) á padà sí bó ṣe wà nígbà àkọ́kọ́. Bí aago kọ̀ǹpútà yín bá ti ń sọ ọjọ́ tó ti kọjá láti ọjọ́ yìí wá, bátìrì tuntun lẹ máa rà. Bí èyí náà ò bá ṣiṣẹ́, ẹ yọ káàdì àwòrán tí ihò ti motherboard bá lè gbé àwòrán, kí ẹ so kébù síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, power supply tàbí motherboard ló kù, iṣẹ́ ẹni tó ní irin iṣẹ́ sì nìyẹn.

Àwòrán ń jáde fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ojú á sì ṣókùnkùn.

Ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sójú mónítọ̀ ní ẹ̀gbẹ́, nítòsí. Bí ẹ bá rí àwòrán rẹ́súrẹ́sú nínú òkùnkùn náà, gíláàsì tó ń gbé àwòrán ń ṣiṣẹ́, iná tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló kú, tàbí ohun tó ń fún iná náà lágbára. Nínú mónítọ̀ tó ti pẹ́, kàpásítọ̀ (ohun kékeré bí agolo tó ń tọ́jú iná) tí orí rẹ̀ wú la máa ń bá níbẹ̀, kò sì wọ́n láti pààrọ̀.

Ẹ má tú u fúnra yín. Iná 230V, tí wọ́n bá ti yí i padà sínú power supply, máa ń sún mọ́ 325V, kàpásítọ̀ ńlá sì lè mú un dání lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà lára ògiri.

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan fà láti òkè délẹ̀.

Ẹ ṣí menu mónítọ̀ kí ẹ yọ kébù àwòrán. Bí ìlà náà bá ṣì wà, gíláàsì ló bàjẹ́, kò sí driver tó lè wò ó sàn. Owó gíláàsì sábà máa ń tó owó mónítọ̀ tọ́kùnbọ̀ mìíràn. Bí ìlà bá lọ nígbà tí ẹ yọ kébù, ẹ padà sídìí kébù àti káàdì.

Ẹyọ àmì dúdú kan tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ ò ṣe nǹkan kan fún ẹ̀rọ, kì í sì í ràn.

Àwòrán ń fọ́ wẹ́wẹ́ tí mo bá ń gbá géèmù, ó sì dára tí mo bá ń tẹ̀wé.

Ooru ni. Lásìkò ọyẹ́, eruku pupa á wọ fáànù káàdì, á sì di bẹ́ẹ̀dì sáàárín irin tó ń fẹ́ ooru jáde. Ẹ ṣí Task Manager, Performance, GPU, ẹ wo temperature nígbà tí géèmù ń lọ. Bó bá ń kọjá 90°C, ẹ gbé sípíyù síta, ẹ fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọn ọ́n, kí ẹ fi ìka di fáànù mú kó má yí nígbà tí ẹ bá ń fọn ọ́n. Bí ooru bá ti lọ sílẹ̀ tí àwòrán ṣì ń fọ́, tàbí tó ń fọ́ láti ìgbà tí ẹ tan ẹ̀rọ kí Windows tó wọlé, káàdì náà ti ń kú lọ. Àwọn kan á ní kí àwọn fi iná yan án kó lè jí. A ò gbà yín níyànjú: èyí tó bá jí kì í pẹ́ tó fi tún kú.

Mo fẹ́ ra mónítọ̀ tọ́kùnbọ̀. Kí ni kí n wò?

Yálà Computer Village ní Ìkẹjà lẹ lọ tàbí ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, ẹ má sanwó lórí èyí tí wọn ò tàn. Ẹ ní kí wọ́n gbé ojú ewé funfun wá, kí ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún àbàwọ́n. Lẹ́yìn náà, ojú ewé dúdú: ibẹ̀ ni ojú ibi tí nǹkan ti tẹ gíláàsì rí, tó dà bí ìkùukùu funfun, ti máa ń hàn. Ẹ jẹ́ kó tàn tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí iná ẹ̀yìn tó ń kú kì í fi ara hàn kó tó gbóná. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì rẹ̀, ẹ dán gbogbo ihò tó ní wò, kì í ṣe VGA nìkan.

Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń tà láìní ẹsẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ nítorí ìyẹn, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ihò síkúrú mẹ́rin wà níbẹ̀ tí wọ́n fi mìlímítà 100 jìnnà síra. Bírákẹ́ẹ̀tì ògiri ti tẹlifíṣọ̀n kékeré máa bá a mu.